Ẹran Ìkẹ́yìn Nínú Abọ́

"Jẹ ẹran yẹn, Naimat. Ta lo ń wò?"

Bàbá Akíndé nawọ́ sí ẹran tó kù láàárín abọ́, ó sì fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó ti yó kẹ́ri. Naimat wo ẹran náà. Ẹran tó tóbi ni, ọ̀rá rọ̀ mọ́ ọn létí, ata ọ̀fadà bò ó mọ́lẹ̀. Ní èṣí, kò sẹ́ni tí yóò bẹ̀ ẹ́ kó tó gbé e sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìrẹsì tó ti jẹ ti há sí i láyà, òógùn sì ti ń yọ níwájú orí rẹ̀.

"Bàbá, mo ti yó."

"O ti yó kẹ̀! Kí lo jẹ? Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yá, jẹ ẹ́, kó o gbé abọ́ kúrò nílẹ̀. Àbí o fẹ́ kí n jẹ àjẹìwẹ̀yìn, kí n wá ru igbá délé?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, Naimat náà bá a rẹ́rìn-ín, ó sì mú ẹran náà.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré Naimat. Abọ́ kan náà ni bàbá àtọmọ ti ń jẹun. Bàbá yóò jẹ, yóò jẹ, tó bá wá ku ẹran tó dára jù, yóò tì í sí àárín, yóò sì ṣan ọwọ́ rẹ̀. Naimat yóò jẹ ìkẹ́yìn, yóò fi ìka gbá etí abọ́ mọ́, yóò gbé e lọ fọ̀. Àgbà kì í jẹ tán, ọmọ kì í sì í kọ ìkẹ́yìn. Àdúrà ni ìkẹ́yìn tí òbí bá fi sílẹ̀, ọmọ wo ló ń kọ àdúrà? Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti wà nílé ọkọ, wọ́n gbé àṣà náà wá sí búkà Ìyá Waliyullah nítòsí Toll Gate. Ní gbogbo Jímọ̀, Bàbá á wọkọ̀ láti Alápòtì, á kírun ní Ṣàngó, Naimat á sì bá a níbẹ̀ tó bá ti jáde níbi iṣẹ́ àárọ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ oníke. Abọ́ ńlá kan, ṣíbí méjì.

Ó rún ẹran náà títí ó fi dà bí òwú lẹ́nu rẹ̀. Ojú Bàbá kò kúrò lára rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹn-hẹ́ẹ̀n!" ni Bàbá wí, inú rẹ̀ dùn. "Ọmọ mi nìyẹn."

Naimat rọra dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣan ọwọ́. Bó ṣe dé ẹ̀yìn búkà, tó rí gọ́tà, gbogbo rẹ̀ jáde pátá, ìrẹsì, ata, ẹran. Ó di ògiri mú, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Nígbà tó yíjú padà, Ìyá Waliyullah ló dúró tì í pẹ̀lú omi nínú ife.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Tahir. Èyí kọ́ ni àkọ́kọ́ tí mo rí. Ṣé Tahir ò fẹ́ ní àbúrò báyìí?"

"Pẹ̀lú ewú tó wà lórí mi yìí? Ẹ jọ̀ọ́ o."

"Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ má bínú sí mi, kí lẹ ń ṣe fún Bàbá gan-an?" Ó wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á mọ́. Wọ́n máa ń wá síbí láàárín ọ̀sẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n máa kó ẹran tó dáa pamọ́ fún yín, pé ọmọ àwọn ń tán lọ bí ọṣẹ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá yín ṣe ń rù kí wọ́n tó lọ. Látìgbà tí wọ́n ti rí i pé ẹ ń rù ni wọ́n ti ń gbààwẹ̀ ní Àtìní àti Àlàmísì, pé kí Ọlọ́run mú àwọn, kó fi yín sílẹ̀. Lánàá, òòyì gbé wọn ní ẹnu ọ̀nà yìí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n forí gbálẹ̀. Mo bu omi fún wọn, wọ́n ní rárá, oòrùn ò tíì wọ̀. Bàbá arúgbó! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n kú sí mi lọ́rùn ni?"

Àwọn oníbàárà ń pariwo orúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ó ti ife omi sí Naimat lọ́wọ́, ó sì wọlé lọ.

Naimat dúró tì gọ́tà náà. Kò sí àìsàn lára rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló ṣe. Ó ti sanra débi pé orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, ìtọ̀ ṣúgà sì ń fojú rẹ̀ rí màbo, títí dókítà fi sọ fún un pé bó bá ń lọ báyìí, Tahir ni yóò tètè sin ín. Wọ́n bá gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù rẹ̀ dànù, àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí, wọ́n ní èyí tó kù kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Kó máa jẹ díẹ̀, kó máa rún un kúnná, bó bá ti yó kó dáwọ́ dúró. Ṣúgà lọ sílẹ̀. Orúnkún fúyẹ́. Àwọn kan níbi iṣẹ́ ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé àrùn tí kò gbóògùn ló mú un, kò dá wọn lóhùn. Gbogbo bó ṣe yẹ kó máa jẹun ni àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí yóò ṣe jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí abọ́ kan.

Kí ló dé tí kò sọ fún un? Ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Orí ibùsùn iṣẹ́ abẹ ni ìyá rẹ̀ kú sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Bàbá dúró létí sàréè, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí òun bá ṣì wà, ọ̀bẹ kò ní kan ara ọmọ òun. Naimat gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Afọlábí ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Wọ́n sọ fún Bàbá pé ilé iṣẹ́ rán an lọ sí Agbára lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tuntun. Irọ́ náà dùn létí, Bàbá tiẹ̀ gbàdúrà sí i.

Ó bọ́ ojú rẹ̀, ó padà wọlé. Bàbá ti ní kí wọ́n fi ẹran mìíràn sí i. Ó wà láàárín abọ́, ó ń rú èéfín.

"Mo rí i pé o ti ń jẹun báyìí," ni Bàbá wí, "mo bá ní kí wọ́n fi kan sí i."

Naimat jókòó. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo bàbá rẹ̀ dáadáa. Bùbá tó rà fún un nígbà Iléyà ti fẹ̀ mọ́ ọn lára, ọrùn rẹ̀ yọ nínú ẹ̀wù bíi ti ọmọ tó wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, bí òun yóò ṣe dọ́gbọ́n jẹun níwájú Bàbá ló ń rò, kò wojú Bàbá. Àánú rẹ̀ ṣe é, ojú sì tì í.

"Bàbá, ara mi le. N kò ṣàìsàn."

"Ta ló ní o ń ṣàìsàn?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ń gbààwẹ̀ nítorí mi."

Bàbá bojú wo ìdí ìkòkò. Ìyá Waliyullah ti yára tẹrí sínú ọbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlọ́run mi nìyẹn," ni Bàbá wí. "Jẹ ẹran ẹ."

"N kò lè jẹ ẹ́, Bàbá. Iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe. Wọ́n gé inú mi kù nítorí ìsanra yẹn àti ṣúgà. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Díẹ̀ báyìí ló ń gbà mọ́."

Tírélà kan ń fun fèrè lójú títì bí ẹni pé kò ní dáwọ́ dúró mọ́. Nígbà tó dákẹ́, Bàbá béèrè pé, "Ìgbà wo?"

"Lẹ́yìn Iléyà."

"Nígbà tí wọ́n rán ọ lọ sí Agbára."

"Kò sẹ́ni tó rán mi lọ sí Agbára, Bàbá."

Bàbá ń mi orí, ó ń mì í díẹ̀díẹ̀. "Jímọ̀ yẹn, mo wá síbí. Mo ní bí o kò tilẹ̀ sí nílé, n kò ní jẹ́ kí àyè ẹ ṣófo. Mo ra oúnjẹ ẹni méjì. Mo jẹ tèmi tán, mo jẹ tìẹ mọ́ ọn. Èmi àti Ìyá Waliyullah ń ṣàwàdà, mò ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ń la inú ọmọ mi lọ́wọ́."

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Bí o bá kú ńkọ́? Orí fóònù ni wọn ì bá ti pè mí pé kí n wá sin ọ́? N kò ní tilẹ̀ mọ ohun tó pa ọ́!"

Àwọn tó ń jẹun nítòsí yíjú sí wọn. Naimat rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa ní kí n má ṣe é."

"N óò ní kí o má ṣe é ná! Ṣé o mọ ohun tí ojú mi rí ni?" Bàbá ṣí fìlà, ó fi nu ojú, ó gbé e sórí itan. "Ìyá ẹ kò fẹ́ kí wọ́n ṣe tiẹ̀. N kò sọ fún yín rí. Ó ní kí n jẹ́ kó máa lo oògùn ẹ̀ lọ. Èmi ni mo rọ̀ ọ́. Odidi òru ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Mo ní bó bá jáde, a óò jọ jẹun. Ohun tí mo sọ fún un gbẹ̀yìn nìyẹn."

Omi bọ́ lójú Naimat. Gbogbo ọdún tó ti ń rò pé ìbínú ló mú Bàbá sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yẹn létí sàréè, ẹ̀bi ni, òun kò sì mọ̀. Ó fọwọ́ kan apá Bàbá, Bàbá kò sì gbá a dànù.

Bàbá wo ikùn rẹ̀. "Ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí."

"Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

"Bí mo bá jẹ jù ni."

Bàbá wo ẹran àárín abọ́. Ó wo ọ̀nà ẹ̀yìn búkà. "Èyí tí mo ní kí o jẹ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?"

Naimat ìbá purọ́. Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti bì í, Bàbá."

"Ti Jímọ̀ tó kọjá?"

"Ìyẹn náà."

"Àwọn ti ẹ̀yìn yẹn?"

Naimat tẹrí ba. Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọwọ́ mi yìí," ni ó wí, "ọwọ́ èmi yìí náà ni mo fi ń jẹ ọ́ níyà."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kò mọ̀. Èmi ni n kò jẹ́ kí ẹ mọ̀."

"Fi hàn mí. Báwo ni èyí tó ń tó ọ ṣe mọ?"

Naimat mú ọmọrí ìkòkò ata kékeré tó wà lórí tábìlì, ó yí i padà, ó bu ìrẹsì díẹ̀ sí i, ó já ẹran tí kò ju èékánná lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó títí.

"Èyí tí mo máa ń rún fún ọ nìyí," ni ó wí, "nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín."

Ó fa abọ́ ńlá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó mú ẹran tó kù láàárín, ó fi sẹ́nu. Naimat kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Eyín Bàbá kò pọ̀ mọ́, ó ń rún un látorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí òsì, omijé ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀, kò nù ún. Ó fi ìka gbá etí abọ́ mọ́. Ó lá ìka.

"Ọjọ́ Àtìní ńkọ́, Bàbá?"

"N óò jẹun ní Àtìní."

Naimat nawọ́ láti gbé abọ́, bó ti ń ṣe láti kékeré. Bàbá di etí abọ́ mú. Ó dìde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó kọjú sí ẹ̀yìn búkà. Ìyá Waliyullah ju ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀, ó sáré kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Háà, Bàbá! Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Nígbà tí mo wà níbí? Kí ni aráyé máa wí?"

"Fi mí sílẹ̀," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo jẹ ẹ́ tán."

Gbogbo àwọn tó ń jẹun ń wò wọ́n, wọ́n ń wo Naimat pé irú ọmọ wo lèyí. Ó jókòó síbẹ̀. Ó bu ìrẹsì díẹ̀ nínú ọmọrí náà, ó ń rún un díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń da omi sínú abọ́ lẹ́yìn ilé.