Ìdí Òwú Lápá Òsì

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí."

Mọ́ládé na ìka sí etí aṣọ inú fọ́tò ńlá tó tẹ́ sórí ẹní. Èkó ló ti wá sí Ìsẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ló rán an níṣẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn àkànṣe fún aṣọ òfì, oṣù mẹ́ta gbáko, àlàárì inú fọ́tò yìí ni wọ́n sì fẹ́ gbé kọ́ sí àárín gbọ̀ngàn. Orúkọ olóògbé Bàṣírù Jẹ́ẹ́dé ni wọ́n máa kọ sábẹ́ ẹ̀.

"Awẹ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n rán pọ̀," ni Mọ́ládé wí. "Níbi tí awẹ́ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, apá òsì ni ìdí òwú tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ yọ sí. Aṣọ Bàbá méje mìíràn wà lọ́dọ̀ wa, apá ọ̀tún ni ti gbogbo wọn. Mo ti wò ó títí. Kí ló fà á?"

Àwáwù, opó Bàṣírù, gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti rí àlàárì náà kẹ́yìn, lọ́jọ́ tí olóyè tó ni ín wá gbé e.

"Ọwọ́ méjèèjì ni bàbá mi ń lò," ni Muhydeen ọmọ rẹ̀ yára dáhùn. "Bó bá wù wọ́n, wọ́n á ti òsì bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde lábẹ́ àtíbàbà. Waheedat ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń hunṣọ lọ́dọ̀ Muhydeen.

"Ọ̀gá, láti ìgbà wo? Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ẹni tó bá pààrọ̀ ọwọ́, Bàbá á fi ọ̀kọ̀ òfì kàn án lórí?"

"Ìwọ, gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ!"

Mọ́ládé ti ń kọ ọ́ sínú ìwé: ọlọ́wọ́ méjì. Àwáwù rí bírò tó ń sáré lórí bébà. Ó dìde.

"Ẹ jẹ́ n bu omi fún àlejò," ló wí, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Muhydeen tẹ̀ lé e. "Ìyá, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Bàbá sọ fún mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n jáde láyé."

Àwáwù gbé ife sílẹ̀. "Wọ́n sọ fún ẹ?"

Ọdún tí olóyè náà gbé iṣẹ́ wá ni Bàṣírù ṣubú lórí àlùpùpù lọ́nà Ìgànná, tí orúnkún rẹ̀ wú bí ìkòkò. Ẹsẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù nídìí òfì. Bí ẹsẹ̀ kan bá tẹ ìtẹsẹ̀, ìdajì òwú á gbéra, ọ̀kọ̀ tó ń fa òwú á gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Bí ẹsẹ̀ kejì bá tẹ tirẹ̀, ìdajì tó kù á gbéra, ọ̀kọ̀ á padà. Ẹni tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ kò lè hunṣọ. Ọjọ́ ìwúyè sì ti ń sún mọ́lé. Láyé ìgbà náà, obìnrin kankan kì í jókòó sídìí òfì ọkùnrin ní agboolé wọn. Ni tọkọtaya bá gbé òfì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na òwú gbọọrọ títí dé ìpẹ̀kun ilé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní Bàṣírù ń hun ọnà tuntun kan tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí kọ́. Kò sẹ́ni tó fura. Kò sí ahunṣọ tí kì í fi ọnà pamọ́.

Àwáwù ò kọ́ṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlá ló ti fi ń jókòó síwájú òfì ọkọ rẹ̀, lọ́dọ̀ òkúta tó ń mú kí òwú le, tó ń so òwú tó bá já, tó ń sún òkúta náà mọ́ ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ṣe ń gùn. Ojúkojú ni wọ́n máa ń kọ síra wọn. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún Bàṣírù ń ṣe, apá òsì ni Àwáwù ń rí i. Nígbà tó wá jókòó sídìí òfì fúnra rẹ̀, ọwọ́ ṣe bí ojú ṣe kọ́ ọ: láti òsì ló ti ju ọ̀kọ̀. Ó ti hun awẹ́ mẹ́ta kí Bàṣírù tó kíyè sí i. Bàṣírù ní kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ lè bára mu.

"Orúkọ Bàbá ni mo fi ń jẹun, Ìyá," ni Muhydeen wí. "Ẹni tó bá wá láti Ìbàdàn, ilé Jẹ́ẹ́dé ló ń béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Tí wọ́n bá gbọ́ pé aṣọ tó dáa jù nínú iṣẹ́ Bàbá kì í ṣe ti Bàbá, wọ́n á ní mélòó ló tún kù?"

"Ẹyọ kan yẹn náà ni."

"Ta ló máa gbà bẹ́ẹ̀?"

Àwáwù tún gbé ife náà. Òtítọ́ ni ọmọ ń sọ.

"Ẹ sì ṣèlérí fún wọn pé ẹ ò ní sọ ọ́," ni Muhydeen tún wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mo ṣèlérí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n nígbà náà kí àwọn ẹgbẹ́ wọn má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìyàwó ló ń hunṣọ fún wọn. Ta ló ń fi Waheedat ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí? Yàtọ̀ síyẹn, àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Wọ́n sọ fún ìwọ. Wọn ò lè gbé e wọ sàréè."

Muhydeen wolẹ̀.

"Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí báyìí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Tí mo bá dákẹ́, ọlọ́wọ́ méjì tó o sọ yẹn ni wọ́n máa kọ sára ògiri l'Ékòó. Irọ́ tìẹ lọmọ aráyé á máa kà."

Ó bu omi náà, ó gbé e fún Mọ́ládé, ó wá kọjá sí abẹ́ àtíbàbà.

"Waheedat, dìde fún mi."

"Há, Màmá! Kẹ́ ẹ má lọ já òwú oníbàárà o!"

"Tó bá já, mo mọ bí wọ́n ṣe ń so ó."

Ó jókòó. Ó bọ́ bàtà, ó fi àtàǹpàkò wá ìtẹsẹ̀ kiri títí ó fi rí i. Ó tẹ̀ ẹ́; ìdajì òwú gbéra. Ó fi òwú tuntun sí ọ̀kọ̀, ó mú un lọ́wọ́ òsì. Ó jù ú, ọwọ́ ọ̀tún mú un, ó fa asà, ó fi tẹ òwú náà mọ́ra, gbà! Mọ́ládé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo etí aṣọ. Lápá òsì, ìdí òwú kúkúrú kan wà níbẹ̀, bó ṣe wà nínú fọ́tò.

"Màmá," ó rọra wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ hun àlàárì yẹn?"

"Èmi ni. Orúnkún ò jẹ́ kí Bàbá Muhydeen lè jókòó. Orí ibùsùn ni wọ́n wà tí wọ́n ń pariwo iye òwú tí n ó ṣà sókè fún ọnà. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹnu wọn ò sinmi!"

Waheedat pàtẹ́wọ́. Mọ́ládé gbójú sókè wo Muhydeen tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Muhydeen nu ojú. "Ọlọ́wọ́ méjì tí mo sọ yẹn," ló wí, "ẹ bá mi pa á rẹ́."

Mọ́ládé pa á rẹ́, ó ṣí ojú ìwé tuntun. "Ṣé kí n yọ orúkọ Bàbá kúrò ni?"

"Má dán an wò!" ni Àwáwù wí. "Àwọn fẹnu hun ún, èmi fọwọ́ hun ún. Àwa méjèèjì ni."

"Ó dáa, Màmá." Mọ́ládé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ó ń pè é jáde. "Bàṣírù àti..."

Àwáwù gbé ọwọ́ lé bébà náà.

"Tèmi ni kó ṣáájú."