Ìkànnì Tí Gbogbo Ayé Ń Wò

"Kó tó di ọ̀sán òní, gbogbo ayé á ti mọ̀ mí!" Àbúrò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí irin, ó na ìka sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọba han ìlú. "Láti òní lọ, ẹni tó bá pè mí ní Àbúrò, n kò ní dá a lóhùn."

"Ó dáa, Àbúrò," ni Ìyá rẹ̀ wí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì tó ń rán bọ́tìnnì sí.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Àbúrò ti ń jórin pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Oníbàárà, aládùúgbò, títí kan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, Àbúrò ni gbogbo wọn ń pè é. Ìdí nìyẹn tó fi gba ọ̀dọ̀ Tíṣà lọ, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní òdìkejì títì, pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì. Oṣù mẹ́rin ló fi kọ́ ọ. Kò ṣòro fún ajórin: HTML ni irin tí wọ́n fi ń to géètì, CSS ni ọ̀dà tí wọ́n fi ń kùn ún, JavaScript ló ń mú un ṣí, tó ń mú un padé. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì kan lójú ìkànnì rẹ̀, géètì pupa á ṣí gbàragada, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ á sì yọ síta. Àárọ̀ yìí ló parí rẹ̀. Ó da àdírẹ́sì tó wà lókè ojú kọ̀ǹpútà kọ, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà tó wà lórí fóònù rẹ̀. Kò yọ Tíṣà sílẹ̀.

Ohun kan ló gbàgbé. Àmì HTML tó yẹ kó fi pa àkọlé dé, kí lẹ́tà ńlá má kọjá ibẹ̀, kò fi sí i. Ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìkànnì náà, láti òkè délẹ̀, bá jáde ní lẹ́tà ńláńlá bí ẹni tó ń ké ìbòsí. Ẹ̀gbọ́n, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, rí i kà láti ibi tó ti ń jórin.

"'Èmi nìkan ṣoṣo ni bàbá mi fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀ fún.'" Ẹ̀gbọ́n ju ìbòjú tó fi ń jórin sílẹ̀. "Èmi wá dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àyè ni ò tó."

"Gbogbo ayé tó fẹ̀ tó báyìí, àyè mi ni ò sí níbẹ̀?"

Ẹ̀ṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. Eyín méjì fò jáde lẹ́nu Àbúrò. Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀ dànù, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ó sì sọ ohun tí kò sọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Ìwọ ta ni?"

Ìyá dìde fùú. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló gbé e dìde o, "ìwọ" yẹn ni. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n rẹ lo ń pè ní ìwọ? Lù ú, ọmọ mi! Lù ú dáadáa!" Kò sọ ẹni tó yẹ kó lu ẹnì kejì, kálukú bá gbà pé òun ni ìyá òun ń bá wí.

Àbúrò fi orí kàn án nímú. Imú Ẹ̀gbọ́n fọ́. Ẹ̀gbọ́n fi apá gbá a mú, wọ́n jọ ya lu géètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán, irin rẹ̀ ṣì gbóná, ẹ̀yìn Àbúrò sì dún ṣìì bí ẹran lórí iná. Ó figbe ta. Ó fa ọ̀pá irin yọ, ó fi la ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá. Egungun dá, ọwọ́ òsì Ẹ̀gbọ́n ń fì dirodiro bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹ̀gbọ́n kò tilẹ̀ wò ó. Ọ̀tún ṣì kù. Ó fi gbé òòlù ńlá.

Àbúrò fọwọ́ bo orí. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń bá lọ. Kọ̀ǹpútà ni. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, gíláàsì fọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn lẹ́tà fò káàkiri bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò. Lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Mo ti pa á rẹ́ lójú ayé," ni Ẹ̀gbọ́n wí, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. "Ẹ ṣáà máa lù ú! Ṣé ẹ rò pé inú ibẹ̀ ló wà ni? Orí ayélujára ló wà! Òòlù yín ò lè débẹ̀ láéláé! Bẹ́ ẹ ṣe ń lù ú yẹn, ńṣe ni wọ́n ń kà á lọ!"

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó rọra jókòó sílẹ̀. "Wọ́n ti kà á," ló wí. "Wọ́n ti kà á pé bàbá wa ò bí mi." Omi ojú rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀.

Àbúrò lọ jókòó tì í. Oṣù mẹ́rin ló fi ń ro gbogbo èèyàn tó máa ka ìkànnì òun, àtẹni tó mọ̀ àtẹni tí kò mọ̀. Kò ro ọkùnrin yìí kún un rí.

Tíṣà yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, fóònù lọ́wọ́. Ó wo eyín tó wà nílẹ̀, ó wo apá tó ń fì, ó wo kọ̀ǹpútà.

"Àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kò ṣí," ló wí. "Ti inú kọ̀ǹpútà yín ni, níbẹ̀ nìkan ló ti lè ṣí. Ẹ ò tíì gbé ìkànnì náà sórí ayélujára rárá. Ṣé ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn?"

Àbúrò mi orí pé rárá.

"A jẹ́ pé ẹ̀yin mẹ́ta yìí nìkan lẹ kà á láyé."

"Àwọn méjì ni," ni Ìyá wí. "Èmi ò mọ̀wé."