Orúkọ Tí Wọ́n Sọ Ìyá Anwar

"Ṣé ó dá yín lójú pé Anwar ló kọ́kọ́ ní in?" Nọ́ọ̀sì Balkis béèrè. Ó lóṣòó ti àpò oògùn rẹ̀, kò wo ojú Ìbídùnní.

"Ó dá mi lójú. Ara rẹ̀ la ti kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ Ajé ló sú sí i lójú àti lọ́rùn. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, tàwọn mẹ́rin yòókù ti jáde."

"Ọ̀sẹ̀ kan náà?"

"Ọ̀sẹ̀ kan náà ni."

Nọ́ọ̀sì náà dáwọ́ dúró. Ọmọ Ìlọrin ni, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò ló rán an wá nígbà tí wọ́n gbọ́ pé èéyi ti wọ ilé ìtọ́jú ọmọ tí Ìbídùnní dá sílẹ̀ ní agbègbè Àpò. Yàrá ńlá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹní tí àwọn ọmọ máa ń sùn lé wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn póò wọn wà ní dídojúdé nínú oòrùn lẹ́yìnkùlé. Ilé tí ariwo rẹ̀ máa ń dé títì ti wá dà bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbọ́," Balkis ní. "Èéyi kì í wọ ara lónìí kó yọ lọ́la. Ó máa ń tó bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀, kó tó sú. Bí ọmọ márùn-ún bá ní in lọ́sẹ̀ kan náà, ibì kan náà ni wọ́n ti jọ kó o. Ẹnì kan ti ní in ṣáájú wọn. Ta lara rẹ̀ ò yá ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn?"

Ìbídùnní la ẹnu láti sọ pé kò sí.

Àmọ́ Olúwadémiládé, ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó ń bá wọn tọ́jú, ló wá sí i lọ́kàn. Felicia, ìyá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Garki. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ìbídùnní rántí yìí, ojú ọmọ náà pọ́n, ikun ń yọ nímú rẹ̀. "Eyín ló ń hù, Àǹtí Ìbí," ni Felicia wí bó ṣe ń nawọ́ ọmọ sí i. "Ẹ ṣáà máa fún un lómi." Ìbídùnní fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọrùn náà tutù. Ó gbà á wọlé.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò gba ẹní, kò gba oúnjẹ. Ìbídùnní bá pọ̀n ọ́n. Kò pẹ́ tí ooru ara rẹ̀ fi la aṣọ kọjá sí i lẹ́yìn, bí ẹni pọn ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti fún ọmọ yìí ní parasitamọ́ọ̀ nílé kí ọrùn rẹ̀ lè tutù lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìyá máa ń ṣe é, kò jẹ́ tuntun. Ó mọ̀, kò sì pe Felicia. Felicia ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má máa pe òun lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣèpàdé níbi iṣẹ́. Eyín sì kúkú wà níbẹ̀, eyín tí gbogbo obìnrin ilé wa máa ń di ẹ̀bi ibà ọmọdé rù. Ó fi aṣọ tútù nu ọmọ náà lára, ó kọrin fún un, ó sì pọ̀n ọ́n kiri láàárín àwọn yòókù títí ìyá rẹ̀ fi dé. Nígbà tó jókòó tó ń fún Anwar lóúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Démiládé wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wúkọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Felicia ránṣẹ́ pé àwọn ń lọ sí Ẹ̀kìtì fún òkú kan. Ìbídùnní kò ro ọ̀rọ̀ náà mọ́.

"Ọmọ oṣù mélòó ni Anwar?" Balkis tún béèrè.

"Mẹ́jọ."

"Oṣù mẹ́sàn-án la máa ń fún wọn lábẹ́rẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan tí ìyá rẹ̀ ì bá ṣe sí i." Ó fa àpò rẹ̀ pa. "Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀. Ọmọ ti ń gbádùn. Ojú rẹ̀ ò tíì fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀, àmọ́ a ti fún un ní nǹkan tó máa lò sí i. Ìyá rẹ̀ ni mi ò mọ ìgbà tó máa gbádùn. Wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi nínú ọgbà tó ń gbé. Ìyá Eléèéyi ni wọ́n ń pè é báyìí."

Ìbídùnní kò lè wò ó lójú. Òun ló sọ Rísíkàt, ìyá Anwar, lórúkọ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Nígbà tí èéyi yọ lára Anwar, tí àwọn ìyá ń fi fóònù dà á láàmú lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀rù pé wọ́n á kó ọmọ wọn lọ ló bà á. Ló bá kọ ọ́ sórí Wáàsáàpù tí gbogbo wọn jọ wà: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Anwar, ọmọ Ìyá Anwar tó ń ta ọ́ìlì ní Mẹkáníìkì, ló kó èéyi wá. A ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ." Ọkàn àwọn ìyá balẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ará, títí ó fi dé ọgbà tí Rísíkàt ń gbé, títí ó fi dé àárín àwọn mẹkáníìkì tó ń ra ọ́ìlì lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí nọ́ọ̀sì ṣe lọ tán, Ìbídùnní pe Felicia.

"Mọ́mì Démi, nígbà tí ẹ wà ní Ẹ̀kìtì, ṣé nǹkan sú sí Démi lára?"

Felicia fi ìbéèrè dá a lóhùn: "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ."

"Ìyá ọkọ mi ní èéyi ni. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, ó ti lọ. Démi ti ń sáré kiri báyìí."

"Ẹ̀ bá ti pè mí."

"Mo fẹ́ pè yín. Mi ò gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ yẹn ni, Àǹtí. Òní ni mo máa lọ, ọ̀la ni mo máa lọ. Bàbá ẹ̀ rò pé ó ti gbà á. Èmi ni mo tún ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa." Ó wá ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ọmọ mi fún wọn. Ẹ̀yin náà rí ohun tí ojú Ìyá Anwar ń rí."

Ìbídùnní gbé fóònù kúrò létí bí ẹni pé ó jó o.

Akin, ọkọ rẹ̀, kò rí ìṣòro kankan níbẹ̀. "Pa ohun tó o kọ rẹ́, kó o dákẹ́," ló sọ lórí oúnjẹ. "Tó bá máa di oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á ti gbàgbé." Ìbídùnní pa á rẹ́. Ó parẹ́ lọ́wọ́ tirẹ̀ nìkan, kò parẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbéra lọ sí Mẹkáníìkì, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, àwọn ọkọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ jókòó lórí bíríkì. Rísíkàt wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín àwọn gálọ́ọ̀nù. Ó ti rù. Lẹ́yìn rẹ̀ nínú òjìji, Anwar sùn sórí páálí tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá Anwar."

"Ẹ kú o." Kò ní kó jókòó.

Kí Ìbídùnní tó rí ọ̀rọ̀ sọ, mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Tájù dé. "Ìyá Eléèéyi, ẹ bá mi mú ọ́ìlì gálọ́ọ̀nù kan. Ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, màá fúnra mi mú un."

"Ìwọ náà gbé owó ẹ sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn," Rísíkàt dá a lóhùn. "Ta ló mọ ohun tó wà lára tìẹ."

"Káì, eré ni mo ń ṣe o, ìyá."

"Èmi náà ń ṣeré ni."

Tájù rẹ́rìn-ín, ó mú gálọ́ọ̀nù rẹ̀, ó lọ. Rísíkàt kò rẹ́rìn-ín. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà.

"Kì í ṣe Anwar ló kó o wá," Ìbídùnní sọ ọ́ wéré. "Ọmọ mìíràn ti ní in ṣáájú. Àná ni mo tó mọ̀. Mo wá bẹ̀ yín ni."

Ọwọ́ Rísíkàt dúró. "Ọmọ ta ni?"

Ìbídùnní wolẹ̀.

"Mo ní ọmọ ta ni, Àǹtí Ìbí?"

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Ẹ wò ó," Rísíkàt ní, kò pariwo. "Ẹ rí orúkọ ọmọ tèmi pè. Ẹ ò béèrè lọ́wọ́ mi, ẹ ò dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ọmọ ẹni tó ń ta ọ́ìlì ni. Ó wá kan ọmọ ẹlòmíràn, ẹnu yín wúwo. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọmọ wá fún yín nígbà tí ẹ ò ní ju ẹní méjì lọ. Ẹ máa lọ, Àǹtí. Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín."

Ìbídùnní kò lọ. Ó dúró nínú oòrùn, ó ń ro orúkọ Démiládé tó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Tó bá tu orúkọ náà jáde, Rísíkàt yóò bọ́, Felicia yóò kó sínú rẹ̀. Ọmọ kejì nìyẹn tí òun yóò jù síta kí ara lè tu òun. Ó wá rí i pé ẹnì kan ṣoṣo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí òun kò tíì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ṣí ibi tí àwọn ìyá wà lórí Wáàsáàpù, ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, Ìbídùnní ni. Kì í ṣe Anwar ló kó èéyi wá. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, mi ò wádìí. Ọmọ kan ti ní in ṣáájú ẹ̀, ẹ má bi mí ní orúkọ ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí n ti dá ọmọ yẹn dúró. Mo pọ̀n ọ́n, ara ẹ̀ jó mi lẹ́yìn, mo mọ̀ pé ara ẹ̀ ò yá. Mi ò yà á sọ́tọ̀, mi ò pe àwọn òbí ẹ̀. Àárín àwọn ọmọ yín ni mo ti pọ̀n ọ́n kiri títí di ìrọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó kó o ràn wọ́n, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi gbogbo tẹ́ ẹ fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí."

Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ohùn náà lọ.

Rísíkàt ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tẹ́ àkísà ọwọ́ rẹ̀ sórí gálọ́ọ̀nù kan, ó tún ká a. "Wọ́n máa kó ọmọ wọn lọ."

"Mo mọ̀."

Fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kan ti jáde kúrò láàárín wọn, òmíràn tẹ̀ lé e. Felicia dá kọ̀wé sí i lábẹ́lẹ̀: "Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí." Èyí ló dùn ún jù.

Nínú òjìji, Anwar jí, ó sì bú sẹ́kún, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú nítorí oòrùn. Ọwọ́ Ìbídùnní ti nà kí ó tó mọ̀. Ó dá a padà. Rísíkàt dìde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n, ó fi aṣọ bo orí rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má wọ̀ ọ́ lójú. Ó kọ ẹ̀yìn sí àlejò rẹ̀ bó ṣe ń so ọ̀já.

"Mo ń lọ, Ìyá Anwar."

"Ó dàbọ̀, Àǹtí," Rísíkàt dáhùn, ó sì ń rẹ ọmọ náà lẹ́kún.