Ìwé Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, n kò sì mọ̀wé. Ẹ má bínú, bó ṣe rí náà nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, mo da oògùn ìfọlẹ̀ inú gálọ́ọ̀nù méjì pọ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, torí àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Èéfín ẹ̀ ló gbé mi dé ọsibítù. Ọ̀gá àwa agbálẹ̀ wá sọ pé tó bá di ìparí ọdún yìí, ẹni tí kò bá lè ka ohun tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù, kó máa lọ sílé. Ibo ni n ó lọ, èmi opó tí mo ń tọ́ ọmọ-ọmọ méjì?

Nígbà tí mo gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ṣí kíláàsì ọ̀fẹ́ fún ogójì àgbàlagbà tí kò mọ̀wé, orí mi wú. Mo lọ bá Akọ̀wé, ọkùnrin tó ń mójú tó ètò náà.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ó ní. "A ó kéde ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó kó ìwé mẹ́wàá fún mi pé kí n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Mo lẹ̀ wọ́n dáadáa. Àràárọ̀ ni mo ń fi aṣọ nu eruku ara wọn. Mo wá jókòó, mo ń retí ìkéde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo padà lọ bá a.

"Háà, Màmá! Ìforúkọsílẹ̀ ti parí ní Jímọ̀. Ṣé ẹ ò rí ìkéde lára ògiri ni?"

"Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́, ọ̀gá."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á. Nígbà tó wo ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì ẹ̀.

"Ẹ bá mi kọ orúkọ mi síbẹ̀ báyìí," mo ní.

"N ò lè kọ ọ́ fún yín. Òfin ni pé kálukú ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù, kí wọ́n má baà fi orúkọ ẹni tí kò sí ránṣẹ́. Orúkọ sì ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá lókè."

"Ẹni tí kò mọ̀wé ni kó kọ̀wé kí ẹ tó kọ́ ọ níwèé?"

Ó mi orí. "Èmi kọ́ ni mo ṣòfin, Màmá."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Ó rẹ̀ mí, kì í sì í ṣe irú èyí tí oorun ń wò. N kò tiẹ̀ lè bínú dáadáa.

Sátidé tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, èmi náà ni wọ́n ní kí n wá to àga. Mo to ogójì. Èèyàn mọ́kànlá péré ló wá, gbogbo wọn ló mọ̀wé. Sátífíkéètì tí wọ́n máa gbà nígbẹ̀yìn ni wọ́n bá wá, wọ́n jókòó, wọ́n ń tẹ fóònù. Àga mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣófo. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo jókòó sí ọ̀kan lẹ́yìn.

Tíṣà, ọmọbìnrin kan tí kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ, yẹ ìwé orúkọ wò. "Màmá, orúkọ yín ò sí níbí o."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Wọ́n ní ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí, kó má jókòó."

"Ó dáa. Wá gbé mi dìde."

Kò gbé mi. Ó yíjú sí bọ́ọ̀dù, ó kọ nǹkan kan tó ní ẹsẹ̀ méjì, tó de ìgbànú sínú.

"A," ó ní. "Ẹ sọ ọ́ tẹ̀lé mi."

Àwọn mọ́kànlá ò gbójú kúrò lórí fóònù. Èmi nìkan ni mo dáhùn.