Ẹyin Tí Wọ́n Fi Itọ́ Nù

Itọ́ ni Ọlọ́wọ́ Òsì fi gba ife lọ́wọ́ Káfíńtà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbọ́ ọ, Káfíńtà ṣe tán láti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Tí iṣẹ́ bá parí, wọn a máa gbá tẹníìsì orí tábìlì nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń kó pákó sí. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló kan tábìlì náà, òun náà ló fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún. Ọ̀dà ọ̀hún kò dára. Ó máa ń ṣí bí ẹfun, pàápàá létí tábìlì, tó fi jẹ́ pé bí ẹyin bá ti ha etí yẹn báyìí, àwọ̀ ewé á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹyin ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀lù kékeré funfun tí wọ́n ń gbá. Nínú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn, nǹkan kan ti wá dòfin láàárín wọn: bí àríyànjiyàn bá wà pé ẹyin kan tábìlì tàbí kò kàn án, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù á gbé e wá, rẹfirí á yí i wò. Tó bá rí ọ̀dà, ó kàn án nìyẹn.

Lọ́jọ́ àṣekágbá ìdíje wọn, ẹni tó bá borí ni yóò máa lọ gbá a fún ilé iṣẹ́ náà láti ìlú dé ìlú. Póìǹtì kan péré ló kù fún Káfíńtà. Ó gbá ẹyin, ẹyin ha etí tábìlì lọ́dọ̀ Ọlọ́wọ́ Òsì, ó yà bàrá, ó bọ́ sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ń wo ojú rẹfirí. Káfíńtà nìkan ló ń wo ẹyin, ó sì rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mú un, tó gbé e sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, tó fi ahọ́n yí i ká, tó wá fi ṣòkòtò nù ún. Ẹyin tó dé ọwọ́ rẹfirí funfun báláú, ó tutù, ó ń dán. Wọ́n ní kò kan nǹkan kan. Ibẹ̀ ni eré ti yí padà, Ọlọ́wọ́ Òsì ló gbé ife lọ.

Káfíńtà pariwo itọ́, wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ọ́ ní Ó-Kan-Tábìlì. Tó bá ní kí wọ́n bu omi fún òun, ẹnìkan á bi í bóyá omi náà kan tábìlì. Ọmọbìnrin tó ń fẹ́ nígbà yẹn, àbúrò Ọlọ́wọ́ Òsì, bá wọn rẹ́rìn-ín. Káfíńtà kúkú fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Láti ìgbà náà, kò fọwọ́ kan báàtì tí wọ́n fi ń gbá ẹyin mọ́. Kì í bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Bí Ọlọ́wọ́ Òsì bá wá kí àbúrò rẹ̀, Káfíńtà á ní, “Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé àga wà níbẹ̀,” bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ló wà níwájú rẹ̀ yẹn. Kọ́ọ̀bù tó bá ti fẹnu kàn, Káfíńtà kò ní fi mu omi mọ́ láyé. Ó ti sọ mélòó kan lára wọn sórí ààtàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí lẹ́nu àna rẹ̀, kí ó sọ pé òun fi itọ́ nu ọ̀dà kúrò. Bí òun ò bá gbọ́ ọ títí òun fi kú, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọkùnrin náà dé ibi ìsìnkú òun. Ó ti sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀ láìmọye ìgbà, ìyàwó rẹ̀ sì ti ní òun gbọ́, kó jẹ́ kí àwọn sùn.

Ni àbíkẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, bá lọ ń kọ́ tẹníìsì lọ́dọ̀ Ọlọ́wọ́ Òsì, tó ti di olùkọ́ ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ títí ọmọ náà fi dé àṣekágbá àwọn obìnrin. Nígbà tí àṣírí tú, Káfíńtà kọ oúnjẹ, ó kọ ìkíni, ó ń sùn sí ìsọ̀ láàárín àwọn pákó. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní kó wá wo òun lẹ́ẹ̀kan péré. Ó lọ.

Láti ẹnu ọ̀nà ni ibẹ̀ ti kó o nírìíra. Gbọ̀ngàn náà ń rùn fún ìbọ̀sẹ̀ tútù, rọ́bà àtijọ́ àti òógùn tó ti gbẹ sára ògiri. Àwọn tó ń gbá a ń fi àtẹ́lẹwọ́ tó rin gbindin nu orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, ẹlòmíràn á tún wá fi tirẹ̀ nu ojú kan náà. Ọlọ́wọ́ Òsì jókòó síwájú pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì kan lọ́rùn, èyí tó ti funfun rí. Ó fi nu ojú, ó fi nu abíyá, ó wá nà án sí ọmọ Káfíńtà. Ọmọ náà gbà á, ó fi nu ẹnu.

Síbẹ̀, ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Bàbá rẹ̀ rí i pé èjìká òun ń bá a yí síhìn-ín sọ́hùn-ún láìjẹ́ pé òun rán an níṣẹ́. Ọmọ náà ti fẹ́ borí nígbà tí ẹni tí wọ́n jọ ń figagbága gbá ẹyin kan tó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá. Ẹyin náà jìnnà sí tábìlì, kò kan nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó jiyàn. Ọmọ náà sáré bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó gbé e sẹ́nu, ó fi ahọ́n yí i ká, ó fi síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún.

Káfíńtà kò mọ ìgbà tí òun dé ìdí tábìlì. Níwájú rẹfirí àti gbogbo èrò, ó nawọ́ sí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀.

“Tu itọ́ ẹnu ẹ dànù,” ó ní. “Olè ni wọ́n kọ́ ẹ.”

Wọ́n mú un jáde. Ọmọ náà padà sídìí tábìlì, ṣùgbọ́n kò rí póìǹtì kan mú mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ń lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá tó ń kọ́ òun níṣẹ́. Òun ò ní wà nílé tí wọ́n ti ń pe òun lólè tí wọn ò sì sọ ohun tí òun jí, báàtì náà kò sì ní dé ọwọ́ òun mọ́. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ bi ẹni tó kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ní wèrè ti ń ṣe ọkùnrin yìí lórí ẹyin kan ṣoṣo láti ìgbà èwe rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun kò fọwọ́ kan nǹkan oníǹkan rí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ọlọ́wọ́ Òsì fi wọlé, ó mú báàtì tí ọmọ náà fi sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn dání.

“Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó má jókòó,” ni Káfíńtà wí.

Ọlọ́wọ́ Òsì jókòó. Ó ní ọmọ náà ṣì kéré, pé ife mìíràn ń bọ̀, pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló pàdánù, ẹnu bàbá rẹ̀ ni. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ahọ́n rẹ̀ ń jáde, tó ń wọlé, tó ń lá ètè. Káfíńtà ń wo ahọ́n náà bí ẹni tó rí ìdin nínú ẹran.

Ọmọ náà gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí olùkọ́ rẹ̀. “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni itọ́ ń ṣe lára ẹyin?”

“Eruku ni. Ó ń mú eruku kúrò.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í ṣe é tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ìgbà tó bá gba etí tábìlì lọ nìkan lẹ máa ń ṣe é. Mi ò tíì rí i kẹ́ ẹ gbàgbé rí.”

“Ṣé mo sọ fún ẹ pé kó o máa fẹnu kàn án ni?”

“Ẹ ò sọ. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn ni.”

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ wò bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ìyàwó Káfíńtà ti la ẹnu láti gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni wọ́n ti bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mọ ojú yẹn. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ dá ọmọ lóhùn.”

Ọlọ́wọ́ Òsì kùn nǹkan kan sí àyà rẹ̀.

Káfíńtà ti rò pé bí ọjọ́ náà bá dé, inú òun yóò dùn. Ńṣe ló ń ṣe é bí ẹni pé wọ́n tutọ́ sí i lọ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti di àna rẹ̀, ó kọjú sí ọkùnrin náà, ó bá a sọ̀rọ̀.

“Mi ò gbọ́. Gbé ohùn sókè.”

“Mo ní ẹyin yẹn kan tábìlì,” ni Ọlọ́wọ́ Òsì wí, ohùn rẹ̀ sì dé ìta. “Mo rí ọ̀dà lára rẹ̀, mo lá a kúrò. Ọ̀dà yẹn korò. Látìgbà yẹn, bí ẹyin bá ti gba etí tábìlì kọjá, kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi á ti gbé e sẹ́nu. Ìwọ lo ni ife yẹn. Mo yan ẹ́ jẹ.”