Tábìlì Róbótó Méjì

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan ká máa lọ," ni aránṣọ wí fún ọkọ rẹ̀. "A ti pẹ́ jù níbí."

Ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí àwọn tábìlì onírin róbótó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń fọwọ́ pa etí wọn yí ká, ó ń wá ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ wẹ́dà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí irin tí ẹlòmíràn jó tí kì í rí wí sí. Ìyàwó bi í pé ṣé dúdú ni wọ́n máa mú ni, àbí èyí tó ń dán bí idẹ. Ó ní èyí tí wọ́n bá jó dáadáa ni kí wọ́n gbé. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ yé Dádì gan-an. Aránṣọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú èyí tó ń dán, ńlá kan, kékeré kan.

Tábìlì onígi tó wà ní pálọ̀ wọn ló fa gbogbo rẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, igun rẹ̀ ti ṣe baálé ilé léṣe lójúgun tó ìgbà mẹ́fà. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin, tó ń gbé ìlú mìíràn, gbọ́, ó ní ẹsẹ̀ àgbà kò bá igun jà, ó sì fi àwòrán pálọ̀ ẹlẹ́wà kan ránṣẹ́ sórí fóònù. Aránṣọ kò fi falẹ̀. Ó fi téèpù wọn ilẹ̀ pálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ fún un. Ó bá àwọn ọmọ aládùúgbò gbé tábìlì àtijọ́ lọ sílé wọn, ó gbé ńlá sí àárín gbùngbùn, ó sì gbé kékeré sẹ́bàá fèrèsé, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú àwòrán.

Oòrùn ọ̀sán gba ojú kọ́tìnì wọlé, ó bà lé irin náà, ìmọ́lẹ̀ róbótó méjì sì ń mì lókè àjà bí omi inú abọ́. Aránṣọ jókòó, ó ń wò wọ́n. Ó dà bíi pé ilé náà ti fúyẹ́, pé bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn ní pẹ̀lẹ́, gbogbo wọn á léfòó lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ìdáná wọlé pẹ̀lú ife tíì. Ó gbé ìṣísẹ̀ márùn-ún, ó yà sọ́tùn-ún, ó sì gbé ife náà lé ibi tí tábìlì onígi máa ń wà láti ọdún méjìlélógún. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ife bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ yángá.

Kì í ṣe ife tó fọ́ ló dẹ́rù ba aránṣọ. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣì wà nínú afẹ́fẹ́, ó ń táràrà, ó ń wá tábìlì, bẹ́ẹ̀ tábìlì ń dán yanran níwájú rẹ̀, níbi tó kọjú sí gan-an.

"Baálé mi, ṣé ẹ ò rí i ni?"

Ọkọ rẹ̀ rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Mo ń rí ìmọ́lẹ̀," ló wí. "Mo ń rí i pé ẹnì kan jókòó. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó sọ ìyókù fún un lórí ìdúró. Oṣù keje rèé tí ojú rẹ̀ ti ń lọ. Òun nìkan ló lọ rí dókítà, dókítà sì ní èyí tó ti lọ kò ní í padà mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń ka ìṣísẹ̀. Igun tábìlì onígi tí ìyàwó rẹ̀ ń kà sí ọ̀tá yẹn, igun náà ló ń sọ fún òun pé òun ti dé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni aránṣọ fi bá wọn gbé tábìlì yẹn jáde.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Nítorí ọmọ wa ni. Lọ́jọ́ tó bá gbọ́, á ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo mọ ilé yìí. Mi ò mọ ilé tiẹ̀. Tí mo bá débẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni mo tó fọ́jú."

Aránṣọ sunkún, kò sì fi pa mọ́. Inú ń bí i, àánú sì ń ṣe é. Nígbà tó gbá àfọ́kù náà tán, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọkọ rẹ̀, ó di ojú méjèèjì, ó sì gbéra. Kò tíì rìn jìnnà tó fi orúnkún kọ irin.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni ọkọ rẹ̀ wí, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. "Má na ọwọ́ síwájú bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kó o fi wá ọ̀nà."

Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ rí ọ̀gá. Nínú òkùnkùn náà, pálọ̀ kékeré yẹn fẹ̀ bí pápá, ohùn ọkọ rẹ̀ sì ń ti ibi gbogbo wá, jẹ́jẹ́, ó ń ní kó sún tábìlì díẹ̀ sí i, kó dá a padà díẹ̀. Wọ́n gbé kékeré sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, níbi tí ọwọ́ á ti bà á. Wọ́n gbé ńlá sún mọ́ àga. Ọkọ rẹ̀ gbé ìka lé etí tábìlì ńlá náà, ó tọ̀ ọ́ yí ká, etí tábìlì sì mú un dé ìjókòó rẹ̀ láìkọsẹ̀.

"Èyí dáa," ló wí. "Ó ń mú mi lọ fúnra ẹ̀."

Fóònù dún. Aránṣọ la ojú kan kó lè rí ibi tó máa tẹ̀, ó sì tún un dì. Ọmọ wọn ni, ó ń bèèrè bóyá tábìlì náà bá pálọ̀ mu.

"Dúró ná, bàbá rẹ fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀," ló wí. Ó fọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tán, ẹ gbé e fún mi, kí n sọ fún un pé ẹ ò lọ síbì kankan."

Ó na fóònù náà síwájú láìlajú. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó ń dúró dè é.