Ohun Tí Wọ́n Fẹ́ Gbọ́

“Má kàn máa kà á bí ẹni tí wọ́n ń lé,” ni Fàtáì wí, ó sì fa àga rẹ̀ súnmọ́ ti Motúnráyọ̀. “Tú u sí Yorùbá, kí n lè gbọ́ ọ yé.”

Motúnráyọ̀ gbé fóònù rẹ̀ sókè. Tírélà kan ń kọjá lọ́nà, ilẹ̀ ń gbọ̀n, ó dúró kí ariwo náà rọlẹ̀. Láti Lọ́ńdọ̀nù ló ti dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti tẹ dùùrù níbẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́, àwọn alárìíwísí sì fi odidi ojú ewé ìwé ìròyìn kan yìn ín; èyí ló ń kà lórí fóònù náà. Bàbá rẹ̀, Fọláwẹwọ́, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó dẹ etí. Iná iléeṣẹ́ irin tí òun àti Fàtáì ti jọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà ti sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì.

“Wọ́n ní ọwọ́ mi ń rìn lórí dùùrù bí òjò lójú odò. Wọ́n ní orin tó ti sú àwọn ènìyàn, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni.”

“Háà!” Fàtáì pàtẹ́wọ́. “Máa bá a lọ!”

Motúnráyọ̀ wo ibi tó kàn, kò kà á síta. Ìwé ìròyìn náà sọ pé ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nínú èéfín iléeṣẹ́, títí olùkọ́ òyìnbó kan fi ṣàwárí rẹ̀. Wọn kò purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún oníròyìn wọn. Bó ṣe ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ni ojú oníròyìn náà ń tàn, òun náà sì ń bù sí i. Kò sọ ti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìjòkó, èyí tí púpọ̀ nínú eyín rẹ̀ kì í dún mọ́. Kò sọ pé bàbá òun a máa jókòó ti òun níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, eérú irin lára aṣọ, a sì máa fi ẹnu kọ gbogbo ohùn tí dùùrù náà kò lè mú jáde, kí orin má baà já mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

“Kí ni wọ́n tún wí?” Fàtáì béèrè.

“Wọ́n ní...” Ó wo bàbá rẹ̀. “Wọ́n ní bàbá mi ló kọ́ mi. Wọ́n dárúkọ yín, Bàbá.”

Fàtáì fò dìde. Ó gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó kí i kú oríire, ó búra pé gbogbo àwọn tí wọ́n jọ yọ́ irin ni yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó jáde, ó ń pariwo lọ.

Fọláwẹwọ́ dúró kí ohùn Fàtáì jìnnà.

“Àbúrò rẹ ti kà á fún mi,” ó wí. “Ìmísíolúwa fẹ́ fo ibẹ̀ yẹn, èmi ni mo ní kó kà á.”

Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni mo sọ fún wọn.”

“Mo mọ̀. Ohun tí èmi náà fẹ́ gbọ́ lo sọ fún mi yìí.”

Kò jágbe. Ìbá tilẹ̀ sàn kó jágbe. Ẹyin lohùn: ọ̀kan ti fọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, èkejì sì ń yí lọ ní ìgboro lẹ́nu Fàtáì.

“Dìde. Ka èyí tó kù.”

Ó jókòó, ó kà á. Wọ́n yin ìka rẹ̀, wọ́n yin sùúrù rẹ̀, wọ́n ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bàbá rẹ̀ ń mi orí níbi gbogbo tó yẹ.

“Ó mà dára o,” ó wí nígbà tó kà á tán. “Ọmọ náà ṣe bẹbẹ.”

Motúnráyọ̀ dúró de ọ̀rọ̀ mìíràn. Bàbá rẹ̀ ṣì ń mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí a ti ń mi orí sí ìròyìn ọmọ ọlọ́mọ.